Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Lórí Wáìnì: Ìsọ̀ Ọtí, Ilé Oúnjẹ àti Ọwọ́ tí Ìgò Gbà Kọjá

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ ju àyè tí olóòtú fún wa lọ, nítorí náà mo ti kó àwọn tó fara jọra pọ̀, mo sì ti gé àwọn tó gùn kúrú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ̀wé ló fẹ́ kí n dárúkọ wáìnì tó dára jù lọ fún wọn. Ní tèmi, orúkọ ara ìgò kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, bí kò ṣe ọwọ́ tí ìgò náà ti gbà kọjá kí ó tó dé iwájú mi. Wáìnì tí wọ́n fi ọgbọ́n àti sùúrù pọn lè bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ìtọ́jú rẹ̀, èyí tí kò sì lórúkọ lè dé ẹnu ẹni tó máa mu ún gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹni tó pọn ún.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, alàgbà. Ìsọ̀ ọtí méjì ló wà nítòsí ilé mi. Ọ̀kan tóbi, iná ibẹ̀ ń tàn yòò, ìgò sì kún orí pẹpẹ rẹ̀ títí dé òkè. Èkejì kéré, ó ṣókùnkùn díẹ̀, ọjà inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó yẹ kí n máa rajà níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ka ìgò, ooru àti iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn tó ń tọ́jú wáìnì fún ọdún pípẹ́ ń wá ibi tí ooru rẹ̀ kò ju nǹkan bíi dígírì 12 tàbí 13 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìsọ̀ tí ọjà rẹ̀ ń tà wàràwàrà kò nílò kí ó tutù tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ooru bá kọjá 25, tí kò sì rọlẹ̀, wáìnì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í darúgbó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, bí ó bá sì kọjá 30, òórùn èso tútù tó wà nínú rẹ̀ yóò di ti èso tí a sè jù. Ooru tún máa ń mú kí wáìnì wú nínú ìgò, yóò sì ti kọ́ọ̀kì, ìdérí tí wọ́n fi èèpo igi ṣe, sókè díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá tutù padà ni afẹ́fẹ́ yóò rí ọ̀nà wọlé. Nítorí náà, ẹ fi ìka kan orí ìgò kí ẹ tó sanwó. Bí kọ́ọ̀kì bá ti yọ gọngọ lábẹ́ ohun tí wọ́n fi bò ó, tàbí tí wáìnì ti ṣàn gbẹ mọ́ ọrùn ìgò, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.

Iná tó ń tàn yòò yẹn náà ń kọ mí lóminú. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti ti àwọn gílóòbù gígùn inú ìsọ̀ máa ń ru fítámì B2 tó wà nínú wáìnì sókè, yóò sì yí àwọn èròjà kan padà sí ohun tó ní imí ọjọ́ nínú, tí òórùn rẹ̀ dà bíi ti kábéèjì tí wọ́n sè tàbí ti aṣọ òtútù tó rin gbingbin. Ìgò aláwọ̀ ewé ń dáàbò bò ó díẹ̀, ìgò tó pọ́n bí omi tíì ń dáàbò bò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìgò tó mọ́ gaara kò dá nǹkan kan dúró. Inú ìgò tó mọ́ gaara yìí gan-an ni wọ́n sì máa ń rọ ọ̀pọ̀ wáìnì rosé, èyí tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, sí, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ ló ń pe oníbàárà. Bí rosé tàbí wáìnì tó ń hó bá wà lábẹ́ iná tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ ní kí wọ́n bá yín mú ọ̀kan jáde láti inú páálí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọdún ìkórè tó wà lára ìgò. Wáìnì tí wọ́n ń pè ní Beaujolais Nouveau máa ń jáde ní Ọjọ́bọ̀ kẹta nínú oṣù Kọkànlá, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lẹ́yìn ìkórè, nítorí kí a lè tètè mu ún ni wọ́n sì ṣe pọn ọ́n. Bí mo bá rí i lórí pẹpẹ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mi ò ní ohun mìíràn tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ onísọ̀ náà mọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wáìnì funfun àti rosé tí kò wọ́n ni a gbọ́dọ̀ mu láàárín ọdún kan sí mẹ́ta. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìkórè àjàrà ní Chile, Gúúsù Áfíríkà àti Ọsirélíà máa ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù Kejì sí Kẹrin, nígbà tí ti Yúróòpù máa ń bọ́ sí oṣù Kẹjọ sí Kẹwàá, nítorí náà ìgò méjì tó ní ọdún kan náà lára lè fi nǹkan bí oṣù mẹ́fà dàgbà jura wọn lọ.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìsọ̀ kékeré yẹn ni ọkàn mi fà sí, bí kò bá jẹ́ pé ó ṣókùnkùn nítorí pé wọ́n ti pa iná àti ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀. Ẹ bi onísọ̀ náà léèrè wáìnì tí òun fúnra rẹ̀ mu kẹ́yìn nínú ọjà tó ń tà. Bí ó bá sọ bó ṣe rí lẹ́nu àti irú oúnjẹ tó bá a lọ, ẹ ti rí ẹni tí ẹ ó máa rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé èyí tó wọ́n jù nìkan ló ń nawọ́ sí, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì máa lọ. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n máa ń gba ìgò padà bí kọ́ọ̀kì bá ti ba inú rẹ̀ jẹ́. Mo gbà pé ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ń fi onísọ̀ hàn ju ohunkóhun mìíràn lọ.

ÌBÉÈRÈ: Nígbà tí mo ra odidi ìgò kan nílé oúnjẹ, agbọ́tí bu díẹ̀ sínú ife mi, ó sì dúró tì mí. Mo tọ́ ọ wò, kò dùn mọ́ mi, mo ní kí ó gbé e lọ. Wọ́n ní àfi kí n sanwó rẹ̀. Ta ló jàre?

ÌDÁHÙN: Bí ó bá jẹ́ ìgò tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, tí kò sì ní àléébù kankan, àwọn ló jàre. Bóyá wáìnì náà pé ni wọ́n ní kí ẹ wò. Bóyá ó dùn mọ́ yín jẹ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ ti bá agbọ́tí sọ kí ó tó ṣí i. Ohun tó yàtọ̀ ni bí ó bá jẹ́ pé òun ló yàn án fún yín, tó sì ṣèlérí pé kò kan, tí ẹ wá rí i pé ó kan gógó. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, agbọ́tí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata.

Kí wọ́n tó ṣí ìgò, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e hàn yín. Ẹ ka orúkọ àti ọdún rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń wọ́pọ̀ jù: ìwé àkójọ wáìnì kọ ọdún kan, ìgò tó dé orí tábìlì sì jẹ́ ti ọdún mìíràn. Ojú yín náà ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣí i. Bí wọ́n bá bu díẹ̀ fún yín, ẹ yí ife náà po, kí ẹ sì fi imú sí i kí ẹ tó fi ẹnu kàn án, torí pé imú ló máa ń kọ́kọ́ mọ àléébù. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti kọ́ọ̀kì, tí ohun tó ń fà á ń jẹ́ trichloroanisole, tí àwọn oníṣẹ́ wáìnì ń pè ní TCA. Nígbà tí èbù bá bá èròjà oní-chlorine pàdé lára èèpo igi tí wọ́n fi ń ṣe kọ́ọ̀kì ló máa ń yọjú, ìwọ̀nba tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ sì tó láti ba odidi ìgò jẹ́. Yóò máa rùn bíi páálí tí òjò pa tàbí yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọn kò ṣí fèrèsé rẹ̀ rí. Kì í pa ènìyàn lára. Èyí tó ṣòroó mọ̀ ni ìgbà tí kò bá pọ̀, nítorí pé kò ní rùn, òórùn èso inú wáìnì ló kàn máa pòórá, ẹni tó ń mu ún á sì rò pé bí wáìnì náà ṣe rí nìyẹn.

Àléébù mìíràn ni ti afẹ́fẹ́ tó ti wọlé. Wáìnì funfun yóò pọ́n, òórùn rẹ̀ yóò sì dà bíi ti èso ápù tí wọ́n gé sílẹ̀ tó ti dúdú. Bí ó bá ń ta bíi fíníkà tàbí bí ohun tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná, èyíinì náà tó ohun tí a lè torí ẹ̀ dá ìgò padà. Ṣùgbọ́n ẹ má dá ìgò padà nítorí àwọn nǹkan kéékèèké tó ń dán bí iyọ̀ ní ìdí kọ́ọ̀kì tàbí ní ìsàlẹ̀ ìgò. Láti ara ohun kíkan inú àjàrà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti wá, kò sì sí ewu kankan nínú wọn. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹ kàn ní kí agbọ́tí bá yín gbọ́ òórùn rẹ̀. Ilé oúnjẹ tí agbọ́tí rẹ̀ bá kọ̀ láti fi imú sí ife oníbàárà kò yẹ lẹ́ni tí ẹ ń ra ìgò olówó ńlá lọ́wọ́ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí wáìnì tí mo mọ iye rẹ̀ ní ìsọ̀ fi ń di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta nílé oúnjẹ? Ṣé olè kọ́ nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Ó dùn ún gbọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù wò ó. Ife tó ń fọ́ lójoojúmọ́, owó tó há sínú ìgò tí kò tíì tà, owó iṣẹ́ ẹni tó ń gbé e wá àti ẹni tó ń fọ abọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń yọ lára ọtí, nítorí pé èrè orí oúnjẹ kì í pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ. Ohun tí mo lòdì sí ni kí wọ́n fi ìlọ́po kan náà lé gbogbo ìgò. Ìgò olówó ńlá kò gba ife tàbí ọwọ́ tó ju ti ìgò olówó kékeré lọ, nítorí náà ilé tó bá fi iye kan pàtó lé gbogbo ìgò, láìka bó ṣe wọ́n sí, ni mo máa ń yìn, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń ra ohun tó dára gan-an.

Àròsọ kan wà pé ìgò kejì láti ìsàlẹ̀ lórí ìwé àkójọ ni wọ́n fi ń rẹ́ àwọn tó ń tijú láti mú èyí tí kò wọ́n jù jẹ. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan tó yẹ iye wáìnì wò ní àwọn ilé oúnjẹ Lọ́ńdọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín ìwé àkójọ ni èrè náà ti ga jù. Nítorí náà, bí ìgò tí kò wọ́n jù bá wù yín, ẹ pè é pẹ̀lú ẹnu gbígbòòrò.

ÌBÉÈRÈ: Èmi nìkan ló máa ń mu wáìnì nílé wa, ife kọ̀ọ̀kan ni mo sì máa ń rà bí a bá jáde. Ọ̀rẹ́ mi ní èyí tó ti ń kú lọ ni wọ́n ń bù fún mi. Òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ó lè jẹ́ òótọ́, ọwọ́ yín sì ni àtiwádìí rẹ̀ wà. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ṣí ìgò náà. Wáìnì tó ń hó kì í ju ọjọ́ kan sí méjì lọ bí ìdérí rẹ̀ kò bá le. Wáìnì funfun lè fara dà á fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nínú fíríìjì, ti pupa náà kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí i, bí ó bá ṣe pé inú fíríìjì ni wọ́n gbé e sí tí kì í ṣe ẹ̀yìn káúńtà. Port, wáìnì ilẹ̀ Pọ́túgà, èyí tó pọ́n bíi kọfí, tí ọtí líle wà nínú rẹ̀, lè lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àwọn ilé kan ní ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́rẹ́ gún kọ́ọ̀kì, tó sì ń fi gáàsì argon rọ́pò wáìnì tó jáde kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Coravin tó jáde lọ́dún 2013 ló sọ ọ́ di ohun tó wọ́pọ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ lè fọkàn balẹ̀ ra ife wáìnì àgbà níbẹ̀.

Ẹ ṣírò rẹ̀ náà. Mílílítà 750 ló wà nínú ìgò, tó túmọ̀ sí ife mẹ́fà tí a bá bu 125, tàbí ife márùn-ún tí a bá bu 150. Bí iye ife mẹ́ta bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye ìgò, ẹ ra ìgò, kí ẹ sì gbé ìyókù lọ sílé bí òfin ibi tí ẹ wà bá gbà á.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní a kì í gbé wáìnì pupa sínú fíríìjì rárá, pé bí ó ṣe rí nínú yàrá la ṣe ń mu ún. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Yàrá ti ayé àtijọ́ ní Yúróòpù ni wọ́n ń sọ, kí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná tó wọ́pọ̀. Dígírì 15 sí 18 ló yẹ ọ̀pọ̀ wáìnì pupa, èyí tó bá fúyẹ́ lẹ́nu sì lè tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá kọjá 20, ọtí inú rẹ̀ ni yóò máa ta yín nímú. Wáìnì funfun ń fẹ́ 8 sí 12, torí pé bí ó bá tutù nini ẹ kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Bí wáìnì pupa tí wọ́n gbé wá bá lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ ní kí wọ́n gbé korobá tí omi àti yìnyín wà nínú rẹ̀ wá. Omi yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé yìnyín nìkan kì í tètè mú ìgò tutù.

ÌBÉÈRÈ: Ìdérí onírin tí a ń yí lórí wáìnì, ṣé àmì pé kò níláárí ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Lọ́dún 2000 ni àwọn tó ń pọn wáìnì funfun tó ń jẹ́ Riesling ní Clare Valley, Ọsirélíà, pawọ́ pọ̀ lo ìdérí yìí nítorí pé TCA ti sú wọn, àwọn ará New Zealand sì tẹ̀ lé wọn lọ́dún 2001. Wáìnì wọn ń dàgbà dáadáa lábẹ́ rẹ̀. Bí ìsọ̀ méjì bá ń ta wáìnì funfun kan náà, ọ̀kan pẹ̀lú kọ́ọ̀kì, èkejì pẹ̀lú onírin, onírin ni mo máa mú.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi kì í ra wáìnì tí kì í bá ṣe ti ilẹ̀ Faransé, tí kò sì wọ́n. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí baálé yín o. Lọ́jọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1976, Steven Spurrier, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní ìsọ̀ wáìnì ní Páárì, kó àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ẹnu wọn tó ẹnu jọ, ó sì gbé wáìnì Faransé àti ti California síwájú wọn láìjẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí í ṣe èwo. Chardonnay ọdún 1973 ti Chateau Montelena ló gba ipò kìíní láàárín àwọn funfun, Cabernet Sauvignon ọdún 1973 ti Stag's Leap Wine Cellars sì gba ti pupa, ó sì borí Mouton-Rothschild ọdún 1970. California ni méjèèjì ti wá.

Ní ti iye owó, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2008 ní California yà mí lẹ́nu. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní wáìnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ọ̀kan wọ́n, èkejì kò wọ́n. Kì í ṣe pé wọ́n kàn yin èyí tí wọ́n rò pé ó wọ́n. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ fi hàn pé apá ibi tí ìgbádùn ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ta jí sí i jù. Nítorí náà, baálé yín kò purọ́ nígbà tó ní òun ń gbádùn rẹ̀. Owó ń ṣiṣẹ́ dé ibì kan lóòótọ́: ó ń ra oko tí èso rẹ̀ kò pọ̀, ìkórè tí a fi ọwọ́ ṣe, àgbá igi tuntun àti ọdún tí wáìnì fi ń dúró kí ó tó jáde. Lẹ́yìn èyí, orúkọ àti ọ̀wọ́n ni a ń sanwó fún. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ bu ife mẹ́ta síwájú rẹ̀, kí méjì jẹ́ láti inú ìgò kan náà, kí ẹ̀kẹta jẹ́ òmíràn, ẹ sì ní kí ó fa èyí tó dá yàtọ̀ yọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó pe ara wọn ní ọ̀jọ̀gbọ́n ni kì í rí i fà yọ.

ÌBÉÈRÈ: Ìsọ̀ kan ń pe gbogbo wáìnì tó ń hó ní ṣáńpéènì. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa?

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi iye ti ṣáńpéènì tà á fún yín. Agbègbè Champagne ní ilẹ̀ Faransé nìkan ni ti gidi ti ń wá, inú ìgò ni wọ́n ti ń pọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, èyí tí kò sì ní ọdún lára kò gbọ́dọ̀ lò dín ní oṣù 15 nínú àjà ilẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Cava ti ilẹ̀ Spéènì náà ń hó nínú ìgò, owó rẹ̀ kì í sì í tó ti ṣáńpéènì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rà á ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Inú àgbá onírin ńlá ni ọ̀pọ̀ Prosecco ti ilẹ̀ Ítálì ti ń hó, èso àjàrà Glera ni wọ́n sì ń lò. Ó fúyẹ́, kí a tètè mu ún ló dára.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ó bójú mu láti gbé ìgò tèmi lọ sílé oúnjẹ?

ÌDÁHÙN: Ó bójú mu níbi tí wọ́n bá ti gbà á láyè. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún ṣíṣí ìgò àlejò. Kì í ṣe ìtanràn ni owó yẹn, ife wọn lẹ fẹ́ lò, ọwọ́ wọn ló sì máa ṣiṣẹ́. Ẹ má gbé èyí tó wà lórí ìwé àkójọ wọn lọ, ẹ má sì gbé èyí tí ẹ ra lọ́nà nítorí pé kò wọ́n. Bí ó bá jẹ́ wáìnì àgbà tó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nínú, ẹ gbé e dé ibẹ̀ lóòró ní ọjọ́ kan ṣáájú bí wọ́n bá fẹ́, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà lè lọ sísàlẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ fún agbọ́tí náà kí ó tọ́ ọ wò. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í gbà á, ẹ fi ìgò yín sílé.